Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń bínú torí òwìwí

Àbúrò mi,

Mo gbọ́ voice note ẹ alẹ́ àná tán o, títí dé ibi tó o ti ní mo ń ṣahun bí ẹni pé èmi ni mo bí òwìwí náà, torí pé mi ò sọ ibi tó wà fún ẹ. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó tún dùn mí díẹ̀. Tí mo bá pè ẹ́, o ò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tẹ gbogbo èyí.

Fọ́tò tó o fi sójú fóònù ẹ yẹn, èyí tí òwìwí funfun (Snowy Owl) na ìyẹ́ méjèèjì tó yíjú wo kámẹ́rà, tí ojú ẹ̀ rí bíi pupa ẹyin, tí gbogbo èèyàn ń bi mí pé báwo ni mo ṣe rí i yà. Èmi ni mo lé òwìwí náà tó fi fò. Ẹyẹ tó ń fò fún ara ẹ̀, ibi tó ń lọ ló máa ń wò. Tó o bá rí i tó ń fò tó tún ń bojú wẹ̀yìn wo èèyàn, èèyàn yẹn ló dà á láàmú.

Plum Island ni, ní Massachusetts níbí, oṣù January, ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lẹ́ǹsì 600mm tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, tí orí mi ń wú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé kí ẹnikẹ́ni má gun òkìtì iyanrìn, mo sì gùn ún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí òwìwí náà, ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ó kù fín-ín bí ìlà tí wọ́n fi bírò fà. Mo sún mọ́ ọn díẹ̀, ojú kan là. Mo tún sún, ojú méjèèjì là, ọrùn ẹ̀ gùn, ó tẹ̀ síwájú, ó yàgbẹ́ pìrì. Èmi òmùgọ̀, mo rò pé ó ń ṣe póòsì fún mi ni! Ó gbéra, mo tẹ kámẹ́rà mọ́lẹ̀, inú mi ń dùn. Àfi bí àwọn kannakánná ṣe rí i. Mẹ́ta, lẹ́yìn náà méje, wọ́n ń fi ẹnu ṣá a káàkiri orí irà, wọ́n lé e lọ títí mi ò fi rí i mọ́. Mo ní fọ́tò ìyẹn náà. Mi ò tíì fi han ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé òṣìṣẹ́ òru ni òwìwí yìí. Láti òkè àríwá níbi tí igi ò ti ń hù ni wọ́n ti ń wá lọ́dún tí wọ́n bá wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn etí òkun àti pápákọ̀ òfurufú, ibi tó bá ṣáà ti tẹ́jú lọ rẹrẹ. Ní 1981 ni Norman Smith ti Mass Audubon, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ àti igbó ní Massachusetts, bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn kúrò lójú ọ̀nà bàálù ní Logan, pápákọ̀ òfurufú Boston, ó sì ń gbé wọn lọ síbi tí bàálù ò ti ní gbá wọn. Lẹ́yìn náà ni Project SNOWstorm, àwọn tó ń ṣèwádìí òwìwí yìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òwìwí pọ̀ yanturu ní 2013, so ẹ̀rọ kékeré mọ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé àwọn kan máa ń lọ sórí òkun lóru lọ pa pẹ́pẹ́yẹ jẹ. Nítorí náà èyí tó o bá rí tó jókòó látàárọ̀ bí ọ̀lẹ, oorun ló ń sùn. Ìwọ náà ti ṣe night shift rí, o mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ń kanlẹ̀kùn.

O ní ìwọ nìkan lo máa mọ̀. Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ náà ní ọ̀rẹ́ o. Mo ti sọ ibi tí òwìwí wà fún ẹnì kan ṣoṣo rí, kó tó di Sátidé àwọn tripod, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, ti tò bí ìgbà tí wọ́n ń dúró de gómìnà, ẹnì kan tiẹ̀ gbé eku wá nínú páálí láti fi dẹ ẹ́ (mi ò fẹ́ sọ ohun tí mo sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn). Fóònù ẹ gan-an máa ń kọ ibi tó o ti ya fọ́tò sínú fọ́tò, pa location yẹn.

Mi ò ní júwe ibẹ̀, ṣùgbọ́n màá mú ẹ lọ. Sátidé, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Inú mọ́tò la máa wà, ẹyẹ ò ka mọ́tò sí bó ṣe ka ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn sí. A máa pa heater kí a tó wa gíláàsì sílẹ̀, torí tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá ń gba ojú fèrèsé jáde, fọ́tò ò ní mú láé, wàá máa rò pé lẹ́ǹsì ẹ ti bàjẹ́. Kó bátìrì sápò inú jákẹ́ẹ̀tì, òtútù máa ń pa wọ́n. Tí òwìwí bá jókòó sórí yìnyín, gbé exposure, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ kámẹ́rà, sókè díẹ̀ kí yìnyín má di eérú, tó bá jẹ́ inú koríko gbígbẹ ni, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ìyẹ́ ẹ̀ má baà funfun jù. Tó o bá délé, má tú báàgì kámẹ́rà títí á fi lọ́wọ́ọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á bò ó.

Tó bá jẹ́ èyí tó ń fò lo fẹ́ dandan, a máa dúró di bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Short-eared Owl, irú òwìwí mìíràn, máa ń jáde sórí irà nígbà yẹn, ó máa ń fò nílẹ̀nílẹ̀ bíi labalábá ńlá, ẹ̀gbẹ́ títì la máa dúró sí, tó bá wù ú á wá.

Ìbọ̀wọ́ méjì ni kó o mú bọ̀ o. Ọ̀kan nínú ẹ̀, tèmi tó o yá nígbà yẹn ni.

Ẹ̀gbọ́n ẹ