Ó dìgbóṣe, akọ̀wé kóòtù ọmọ àgbẹ̀

Sí Olóòtú,

Okun o, ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tá a sin ní Ìyàrà láìpẹ́ yìí. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú ò ju pé ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn ìjọ Ọlọ́run. Iṣẹ́ tó ṣe gan-an ò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á, ó dùn mí wọra.

Akọ̀wé kóòtù ni Bàbá. Kì í ṣe ẹni tó ń pe orúkọ ẹjọ́ o, òun ló ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu ẹlẹ́rìí, lẹ́nu lọ́yà àti lẹ́nu adájọ́, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ṣọ́táǹdì Pitman ló fi ń kọ ọ́, ìyẹn ìkọ̀wé kíákíá tó ń fi ìlà kéékèèké dúró fún ìró ọ̀rọ̀, èyí tó ti wà láti 1837. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni P níbẹ̀, tó o bá tẹ ìlà yẹn kan náà mọ́lẹ̀ kó nípọn, ó ti di B nìyẹn, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi máa ń fi bíléèdì gbẹ́ pẹ́ńsùlù sílẹ̀ lálaalẹ́, tí ò sì ní jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án.

Abà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ìdí kọfí, kòkó àti iṣu. Mo sì gbà pé oko yẹn ló sọ ọ́ di akọ̀wé tó jẹ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yin náà mọ̀. Àgbẹ̀ á dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí, á nawọ́, á ní "láti ibí yìí dé ibẹ̀ yẹn", gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló rí ọwọ́ ẹ̀ àmọ́ ìwé ò rí i. Bàbá á dá pẹ́ńsùlù dúró, á wo adájọ́, adájọ́ tó ti mọ̀ ọ́n á ní kí lọ́yà bi ẹlẹ́rìí, ṣé láti ibi tó dúró sí dé ẹnu ọ̀nà ni àbí dé ojú fèrèsé? Ó sọ fún mi pé bàbá àwọn ló kọ́ òun, tí wọ́n bá ń pín oko, bàbá yẹn ò gba "ibẹ̀ yẹn" lẹ́nu ọmọ, wàá fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, wàá dárúkọ igi tó wà níbẹ̀, pèrègún ni àbí akòko.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ o, torí tí ẹjọ́ bá dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọn kì í sábà pe ẹlẹ́rìí mọ́, ohun tí akọ̀wé kọ ni wọ́n máa kà. Ẹlòmíì ti lè kú kó tó débẹ̀.

Ìlọrin ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tá a ṣì wà lábẹ́ Kwara, nígbà tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀ ní August 1991 ló kó wá sílé. Ìgbà yẹn ni ìyọnu ẹbí bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá bá a lóru pé kó bá àwọn yí gbólóhùn kan péré. Kò ṣe é rí. Àwọn kan ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún gbọọrọ nítorí ẹ̀, àwọn kan náà ló gbé páálí omi wá síbi ìsìnkú, mi ò dá wọn lẹ́bi, mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó dun Bàbá.

Títí dòní, nínú ọ̀pọ̀ kóòtù wa, adájọ́ ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ẹjọ́, á ní kí ẹlẹ́rìí dúró ná, á kọ, á ní kó máa bọ̀, ẹjọ́ tó yẹ kó parí lọ́sẹ̀ kan á máa wọ́ nílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ dáa, àmọ́ ẹ̀rọ náà ò rí ọwọ́ tí àgbẹ̀ nà. Kí ìjọba Lọ́kọ́ja gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ akọ̀wé yìí fún kóòtù Kábbà, Ìsánlú àtàwọn yòókù, kí wọ́n kọ́ wọn dáadáa, kí wọ́n sì má yọ àwọn ọmọ abà sílẹ̀ tí wọ́n bá ń mú èèyàn.

Èmi ni,
Ọmọ àbúrò ẹ̀,
Ìyàrà, Ìjùmú.