Iṣẹ́ ìwádìí náà yẹ kó ní àkókò ìṣíwọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín láìpẹ́ yìí, níbi tí wọ́n ti sọ pé àwa tí à ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé lóde òní fẹ́ràn ìsinmi jù, pé nígbà tiwọn, ẹni tó bá ń wá oyè náà kì í sùn. N kò ní bá bàbá jiyàn lórí ohun tí ojú wọn rí. Ṣùgbọ́n ọdún kìíní tèmi ni mò ń lò lọ nílùú Akúrẹ́ yìí, mo sì mọ ohun tí àìsùn náà bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àrùn tó ń sọ èso kókó di dúdú lórí igi ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Kò sí àgbẹ̀ kókó ní Ìdànrè tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, tí oòrùn kò ráyè wọ abẹ́ igi, àrùn náà ni yóò gba oko. Èmi a máa gbé èso tó ti kó o lọ sí láàbù, n ó yọ kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á, n ó gbìn ín sínú abọ́ pẹlẹbẹ, yóò sì máa tàn funfun bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu. Lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà, mo gbọ́dọ̀ fi rúlà wọn bó ṣe fẹ̀ sí i. Kòkòrò kò mọ ọjọ́ Ìsinmi. Lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ọjọ́ tó bá ṣáà bọ́ sí i ni mo ń gbìn ín, títí mo fi kúrò níbi ìkómọjáde àbúrò ọkọ mi lọ wọn abọ́. Ìyá ọkọ mi kò bínú, wọ́n kàn bi mí pé, "Ìyàwó wa, ṣé ọmọ ọwọ́ ni ìwé yìí ni?" Lóru ọjọ́ kan tí oorun ti kún ojú mi, abọ́ méjìlá ni mo kọ àmì sí lódìlódì, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sì di ohun ìdànù.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ṣáájú mi nínú iṣẹ́ náà ló là mí lójú. Ó ní kí n máa gbìn ín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwọ̀n ọjọ́ mẹ́rin tí mo nílò yóò sì pé ní ọjọ́ Ẹtì. Bí mo ṣe rí òpin ọ̀sẹ̀ mi gbà padà nìyẹn, láìfi iṣẹ́ kankan sílẹ̀.

Ẹ̀rù wà lára ohun tó ń lé wa sáré. Àwọn tó wà lọ́dún kìíní nígbà tí ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 kò gbàgbé oṣù mẹ́jọ yẹn, wọ́n sì ti kọ́ àwa tó tẹ̀ lé wọn láti máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ọ̀la ni wọn yóò ti géètì.

Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó wa. Bí ọ̀gá bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láago mọ́kànlá òru ọjọ́ Sátidé pé òun fẹ́ rí orí kejì kí ilẹ̀ tó mọ́, ta ni akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò dáhùn pé òun ti ṣíwọ́? Nílẹ̀ wa, ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé ó tó gẹ́ẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Alágbàká ní ìsinmi ọdọọdún tí a kọ sílẹ̀. Tiwa kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n fún mi.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, tí ọ̀gá àti akẹ́kọ̀ọ́ yóò jọ fọwọ́ sí lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀: ọjọ́ ìpàdé, aago tí àtẹ̀jíṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, àti iye ọ̀sẹ̀ ìsinmi lọ́dún. Àwọn aláṣẹ yunifásítì ni kí ó gbé e jáde, kí ó má jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò mú un lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé kan,
Akúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.