Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Japan, ẹ jáde nínú yàrá yẹn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òtútù, ẹ sì kú àmúmọ́ra àwọn ọ̀gá tí ofataimu wọn kì í tán. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lẹ́nu. Ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Saitama, ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Chiba, tó bá di Sọ́ńdè ẹ á tilẹ̀kùn mọ́rí máa wo fíìmù Yorùbá lórí fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ á wá ní Japan ò dùn. Báwo ló ṣe fẹ́ dùn?

Àwọn tó ń háyà kimono, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, ní Asakusa ní Tokyo torí fọ́tò Instagram, mi ò bá wọn jà, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mò ń wí. Sento ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ilé ìwẹ̀ àdúgbò. Ní Tokyo, ìjọba ló ń fi gbèdéke sówó ẹ̀, 550 yen ni wọ́n sọ ọ́ dà ní August 2024. Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ẹ ó bọ́ra sílẹ̀ pátápátá (ojú á kọ́kọ́ tì yín, mo mọ̀, kò sẹ́ni tó ráyè tiyín níbẹ̀), ẹ ó jókòó sórí àpótí kékeré, ẹ ó fọṣẹ wẹ̀, ẹ ó ṣan ọṣẹ yẹn kúrò lára tán pátá kẹ́ ẹ tó tẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná yẹn o, torí gbogbo yín lẹ jọ ni omi ọ̀hún. Tówẹ̀lì ò gbọ́dọ̀ kàn án, orí ni kẹ́ ẹ gbé e lé. Fóònù ńkọ́? Inú lọ́kà. Ẹni tó bá fín ara, kó kọ́kọ́ béèrè, torí ọ̀pọ̀ onsen, ilé ìwẹ̀ tó ń lo omi gbígbóná tó ń sun látinú ilẹ̀, ni kì í gbà wọ́n wọlé.

Sumo wá ńkọ́, ìjàkadì wọn? Ọmọ Yorùbá tó ti wo gídígbò rí, ta ló tún fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́dún ni ìdíje ńlá ẹ̀, ọjọ́ 15 lẹ́ẹ̀kan, ti January, May àti September ló ń wáyé ní Ryogoku ní Tokyo. Kò sí pé ẹni tó tẹ̀wọ̀n jù ò ní bá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jà. Wọ́n á da iyọ̀ sílẹ̀, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ sókè, wọ́n á fi janlẹ̀, wọ́n á wojú ara wọn ṣáá, gbàù, ó ti parí! Ẹni tó dá ẹnì kejì ò ní fò sókè, kò ní yọ ṣùtì sí i. Ẹ ra ìjókòó òkè, òun ló dínwó, kẹ́ ẹ sì tètè lọ láàárọ̀, àwọn tí ipò wọn ṣì kéré ló ń jà nígbà náà, àyè á gba yín dáadáa.

Tó bá di ìgbà ẹ̀rùn wọn, ijó Bon á dé, ìgbà tí wọ́n ń rántí àwọn òkú ìdílé wọn. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin onímọ́ṣáláṣí, mi ò ní kẹ́ ẹ bọ nǹkan kan o, ijó ni mo ní kẹ́ ẹ jó. Wọ́n á gbé onílù sórí pèpéle gíga láàárín, àwọn èèyàn á máa jó yí i ká, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ta ló pè yín. Tẹ́ ẹ bá ní yukata, kimono fẹ́lẹ́ ìgbà ẹ̀rùn, ẹ wọ̀ ọ́, àmọ́ apá òsì ni kẹ́ ẹ fi bo ọ̀tún, tó bá jẹ́ ọ̀tún ló wà lókè, òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún bẹ́ẹ̀. Ṣòkòtò jíǹsì náà dáa. Ẹ ṣáà máa wo ẹsẹ̀ ìyá àgbà tó bá wà níwájú yín, bó bá ṣe gbé e ni kẹ́yin náà gbé e.