Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tí òógùn òru kò jẹ́ kó sùn

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnira. Ẹ ti lo oògùn ibà títí, síbẹ̀ ẹ ṣì ń pààrọ̀ aṣọ lóru nítorí òógùn. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé ibà kọ́. Mùdùnmúdùn inú eegun yín ló ń gbóná. Myelofibrosis ni wọ́n ń pe àìsàn náà.

Inú mùdùnmúdùn yẹn ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ohun kan wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ tí ń jẹ́ JAK2, ó dà bíi ṣíwíṣì: ara fẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó tàn, ẹ̀jẹ̀ tó, ó kú. Ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ rí i pé ó lè bàjẹ́, kó má kú mọ́. Bí ìdajì àwọn tó ní àìsàn yìí ló ní àbùkù yẹn, ẹ̀yin náà sì wà lára wọn. Tọ̀sán-tòru ni sẹ́ẹ̀lì ń tú èròjà tí ara fi ń wú, tó fi ń gbóná bí egbò bá wà, bẹ́ẹ̀ egbò kankan kò sí. Òun ló ń fa òógùn, ara rírù, àti ara tó ń yún yín lẹ́yìn ìwẹ̀. Òun náà ló ń mú kí àpá dí inú eegun. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n kì bọ eegun ìbàdí yín fi fà títí tí kò rí nǹkan fà jáde, tí wọ́n fi gé eegun bíńtín. Kì í ṣe àṣìṣe dókítà. Iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ṣíṣe tí kò ráyè mọ́ ti lọ sínú ọlọ inú, lábẹ́ ìhà òsì. Ó wú, ó ń tẹ ikùn, lẹ fi ń yó lẹ́yìn òkèlè mẹ́ta.

Ruxolitinib, oògùn tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kì í wo àìsàn náà tán. Gbígba mùdùnmúdùn ẹlòmíràn nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì ṣe gbogbo ara ló lè gbà á. Ṣíwíṣì JAK2 yẹn ni oògùn náà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ ó sì máa lò ó. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yẹ ikọ́ ife àti àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B wò, torí oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìgbóná yìí ń dín ààbò ara kù, àìsàn tó ti sùn lè jí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 àkọ́kọ́, iye ẹ̀jẹ̀ pupa inú ara yín lè dín kù. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n á pa oògùn tì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é! Bí ẹ bá pa á tì lójijì, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, òógùn, ara gbígbóná àti ọlọ inú wíwú lè padà dé. Bí owó oògùn bá fẹ́ wọ́n yín, ẹ tètè sọ fún dókítà kó tó tán, kó lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ sì máa kọ iye ìgbà tí ẹ pààrọ̀ aṣọ lóru sínú ìwé, ẹ mú un dání lọ bá a.

Èmi àbúrò yín.