Lẹ́tà sí àbúrò mi ní Houston, lórí ọmọ rẹ̀ tí kò jẹun

Àbúrò mi,

Látìgbà tí o ti pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ohùn rẹ ò ti kúrò létí mi. "Àǹtí mi, kí ni mo ṣe fọ́mọ yìí tó fi kọ oúnjẹ mi?" O ò ṣe nǹkan kan. Òun náà ò ṣe nǹkan kan. Àìsàn ni, anorexia lorúkọ rẹ̀, òun ló ń mú kéèyàn máa febi pa ara rẹ̀.

Èmi náà ò tètè mọ̀. Nígbà tí ọmọ tèmi bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún 14, ó ní ààwẹ̀ lòun ń gbà, mo sì ń fi yangàn láàárín àwọn ìyá ìjọ. Ìjọ ṣínu, ọmọ mi ò ṣínu. Ó ń wọ súwẹ́tà nínú ooru, nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, mo sì ń bá ìrẹsì tó fi tíṣù dì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbàdúrà, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ló yẹ kí n kọ́kọ́ sáré lọ bá. Jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn ọmọ rẹ wò lọ́la, torí ara tí ebi ti pa pẹ́ kì í gba oúnjẹ púpọ̀ lójijì láìséwu.

Ìtọ́jú tí mo sọ fún ọ lórí fóònù, èyí tí òbí fúnra wọn fi ń bọ́ ọmọ padà sípò, ilé ìwòsàn Maudsley ló ti ṣẹ̀, ní Denmark Hill ní London níbí, tí kò jìnnà sí Peckham tí mo ti ń ra iṣu. William Gull, dókítà tó fún anorexia lórúkọ ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ pé ẹbí ló máa ń burú jù láti tọ́jú irú aláìsàn yìí. Ṣùgbọ́n Christopher Dare, Ivan Eisler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Maudsley gbà pé ọwọ́ òbí gan-an ni ìwòsàn wà. Èsì ìwádìí wọn jáde ní 1987. Ọjọ́ tí mo gbọ́ èyí, mo sunkún.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tó ń dùn ún lọ́kàn. Oúnjẹ ni oògùn àkọ́kọ́. Ìwọ àti bàbá rẹ̀ lẹ ó máa bù ú, ẹ ó sì jókòó tì í títí yóò fi tán, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, pẹ̀lú ìpanu láàárín. Nígbà ìpàdé kejì, wọ́n ní ká gbé oúnjẹ wá. Mo gbé ìrẹsì, dòdò àti ẹja dání. Ọmọ mi jẹ ṣíbí mẹ́ta péré, ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú wa ò bá a wí. Èmi àti bàbá rẹ̀ ló kọjú sí, ó ní ká jẹ́ kó jẹ ṣíbí kan sí i. Ó gbà wá tó ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ mi bú mi, ó ní òun kórìíra mi. Anorexia ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àbúrò mi. Bí tìrẹ bá bú ọ, má bá a jà, má sì gbé àwo kúrò.

Ọkọ rẹ ńkọ́? Bàbá wọn nílé wa a máa sọ pé, "Fi í sílẹ̀, ó ti gbìyànjú." Àárín àwa méjèèjì ni àìsàn náà ń gbà kọjá. Ọ̀sẹ̀ tí ohùn wa di ọ̀kan ni ìwọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́ gòkè. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó bá a wo fíìmù lẹ́yìn oúnjẹ.

Bí ara bá ti ń padà, ẹ ó máa dá àṣẹ oúnjẹ padà fún un díẹ̀díẹ̀; ọ̀rọ̀ ọkàn á wá tẹ̀lé e. Ó lè gba ọdún kan. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń tipa rẹ̀ gbádùn, n ò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n tèmi gbádùn. Níbẹ̀ yẹn, FBT (Family-Based Treatment, ìtọ́jú láti ọwọ́ ẹbí) ni kí o béèrè, bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn.

Mo ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni bàálù mi ń balẹ̀. Èmi ni n ó jókòó tì í nídìí oúnjẹ ọ̀sán, kí o lè sùn.

Àǹtí rẹ