Àmì kan ṣoṣo lórí WhatsApp: lẹ́tà sí Màmá láti erékùṣù Skye

Portree,
Erékùṣù Skye,
Scotland.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lé wa lórí. Àbúrò mi ti ròyìn fún mi pé ẹ ò rí oorun sùn ní gbogbo ìgbà tí mo wà lójú ọ̀nà, pé ẹ ti pe pásítọ̀, pé àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ sì ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kò kúrò lórí àmì kan ṣoṣo. Ẹ ṣeun tí ọ̀rọ̀ mi ká yín lára tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n máa gbàdúrà lọ, àdúrà kì í pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ṣínu.

Mo mọ̀ pé fóísì nóòtì ló rọ̀ yín lọ́rùn. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀, fóísì nóòtì a sì máa sọnù sáàárín àwọn fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà. Àbúrò mi ni yóò kà á fún yín, ibi tó bá sì kan òun náà, ó máa mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ àmì yẹn palẹ̀. Tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, tí ẹ rí àwòrán aago kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fóònù tiyín ni kò rí nẹ́tíwọ̀kì. Tí aago náà bá yí padà di àmì kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín, ó ti dé ọ̀dọ̀ WhatsApp, ibẹ̀ ló wà tó ń dúró dè mí. Ó lè dúró níbẹ̀ tó 30 ọjọ́. Tó bá di méjì, ó ti wọ inú fóònù mi. Tó bá di búlúù, mo ti kà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pa búlúù tirẹ̀ lè kà á kó má di búlúù, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe kí gbèsè má baà rí wọn. Ohun tí àmì kan ń sọ kò ju pé nẹ́tíwọ̀kì ò dé ibi tí mo wà, tàbí pé mo pa fóònù, tàbí pé bátìrì ti tán. Kò sí ìròyìn mìíràn nínú rẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, torí yóò tún ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mò ń ṣe yìí kò mọ ìgboro nìkan.

Láti Glasgow ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Mallaig, ìrìn tó lé ní wákàtí márùn-ún, kí n tó wá wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù yìí. Tí ọkọ̀ bá ti kọjá ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bridge of Orchy, ó máa wọ pápá àbàtà kan tó lọ salalu, Rannoch Moor lorúkọ rẹ̀. Ẹ ò ní rí ilé, ẹ ò ní rí oko. Omi dúdú, koríko pupa rúsúrúsú, àti àgbọ̀nrín tó dúró tó ń wo yín. Ibùdókọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Corrour, ó fi mítà 408 ga ju ojú òkun lọ, nínú àwọn ibùdókọ̀ tó wà lójú irin ńláńlá ìlú yìí, kò sí èyí tó ga tó o. Mọ́tò aráàlú kì í dé ibẹ̀, torí kò sí títì ìjọba tó lọ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn ín. Ta ni wọ́n fẹ́ ri òpó nẹ́tíwọ̀kì fún níbẹ̀? Àgbọ̀nrín kì í ra dátà. Níbi tí òpó bá sì wà, òkè ńlá a dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ní 2020, ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù mẹ́rin tó wà níbí nígbà náà fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ọdún 2025 tó parí, 4G yóò dé ìdá 95 nínú 100 ilẹ̀ Britain. Ó jọ pé inú ìdá 5 tó ṣẹ́ kù ni àwọn ọ̀gá mi máa ń rán mi lọ.

Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì lọ, gbogbo ọkọ̀ gbé orí sókè bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Ọmọkùnrin kan jókòó sí ọ̀kánkán mi, inú ímeèlì ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà, ímeèlì ò sì ṣí. Ó ń fọwọ́ ra ojú fóònù lásán, òógùn ti bò ó nínú òtútù. Èèyàn dáadáa ni ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, ó ní kó fara balẹ̀ títí a ó fi dé Fort William. Èmi ti ya àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì tèmi sórí fóònù láti ilé, àdírẹ́sì ibi tí mò ń lọ náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹni tó máa gbà mí lálejò wà níbẹ̀, orin wa wà níbẹ̀, Bíbélì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Fóònù gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí láyé ìsinsìnyí.

Ohun tó ya ọmọ yẹn lẹ́nu jù ni máàpù tó wà lójú fóònù mi. Kóró búlúù kékeré ń rìn lórí rẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, ó ń fi hàn mí pé a ti dé etí adágún báyìí, pé òkè báyìí ló wà lápá òsì. Ó ní, "Ṣé o ní nẹ́tíwọ̀kì ni?" Mo ní rárá o. Màmá, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà á bi mí, torí náà ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Àwọn sátẹ́láìtì kan ń yí ayé ká lókè, bíi 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè ní GPS, ṣùgbọ́n Rọ́ṣíà ní tirẹ̀, Yúróòpù ní, Ṣáínà náà ní, fóònù òde òní sì lè gbọ́ ti gbogbo wọn. Iṣẹ́ ológun ni Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ da ti aráàlú rú díẹ̀, títí di May 2, 2000, tí wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró. Bíi rédíò orí àpótí yín ló rí: ẹ ń gbọ́ Ìbàdàn, Ìbàdàn ò mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ òun. Fóònù kàn ń gbọ́ sátẹ́láìtì ni, kì í dá wọn lóhùn, kò sí kọ́bọ̀ dátà kan tó ń lọ níbẹ̀. Tó bá ti gbọ́ mẹ́rin, ó ti lè ṣírò ibi tó wà. Tí ẹ bá tan flight mode gan-an, ìyẹn ètò tó ń pa nẹ́tíwọ̀kì fóònù, ó ṣì máa ń gbọ́ wọn.

Àmọ́ o, ibi tí mo wà nìkan ni sátẹ́láìtì ń sọ. Kì í fúnni ní àwòrán ọ̀nà. Ẹni tí kò bá dáńlóòdù máàpù sílẹ̀ kó tó kúrò nílé, kóró búlúù ló máa rí lórí ojú funfun gbalaja. Ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kí kóró náà tó jáde, torí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń sọ fún fóònù tẹ́lẹ̀ pé ibi báyìí ni kó máa wò lójú ọ̀run. Tí kò bá sí i, fóònù máa dá wá wọn ni. Ẹ dúró síta gbangba, kí ẹ má ṣe dúró sábẹ́ òrùlé páànù.

Google Maps dára fún ẹni tó bá ń wakọ̀: a lè yan agbègbè kan ká dáńlóòdù rẹ̀. Tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sọ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ o, kì í sì í sọ ibi tí gosiló wà. Organic Maps ni mo fẹ́ràn jù ní tèmi. Ó ń lo OpenStreetMap, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba níbí ní 2004, tó jẹ́ pé àwọn èèyàn kárí ayé ló ń fọwọ́ ara wọn ya ọ̀nà àdúgbò wọn sí i. Ó mọ ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀. Iṣẹ́ mi sì nílò rẹ̀, torí ní eréko níbí, ilé tó pọ̀ ló ń jẹ́ postcode (kóòdù àdírẹ́sì) kan náà, èyí tó sún mọ́ra jù nínú wọn sì lè jìnnà síra. Ẹ tẹ postcode, ó gbé yín dé ẹnu géètì àgùntàn. Àwọn ẹbí arúgbó tí mò ń tọ́jú á wá sọ pé, "Ilé funfun, lẹ́yìn afárá kékeré, tí o bá ti rí ọkọ̀ ojú omi tó ti bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, o ti kọjá rẹ̀." Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe dún? Ìṣẹ́yìn gan-an ni! Tí mo bá ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń fi àmì sí i lórí máàpù, ó parí.

Ó wá kan ìrìn àjò Ṣakí tí ẹ fẹ́ lọ nítorí ìgbéyàwó. Nẹ́tíwọ̀kì á máa lọ á máa bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbààwẹ̀ nítorí tiyín náà. Àbúrò mi, ibí kàn ọ́ o, ka ibí yìí dáadáa.

Bá Màmá kọ nọ́ńbà gbogbo wa sínú ìwé kékeré bíi èyí tí Bàbá máa ń fi sápò agbádá. Fóònù lè já bọ́, bátìrì lè kú, kò sì sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà ẹnìkejì sórí mọ́. Kọ́ wọn ní tẹ́ẹ̀sì lákọ̀tun. Ibi tí WhatsApp ti ń yí lójú kan, tẹ́ẹ̀sì lè kọjá, torí kì í lo dátà, nẹ́tíwọ̀kì tín-ín-rín ti tó o. Ṣùgbọ́n má fi àmì ohùn sí i. Lẹ́tà 160 ni tẹ́ẹ̀sì kan ń gbà, àmọ́ tí "ẹ", "ọ" tàbí "ṣ" kan ṣoṣo bá ti wọ inú rẹ̀, ó di 70. Àwọn tó ṣe ètò yẹn fi lẹ́tà àwọn ará Gíríìkì sí i, wọn ò fi tiwa sí i. Inú máa ń bí mi sí i, nítorí èmi a máa fi àmì sí Yorùbá mi níbi gbogbo. Lójú ọ̀nà, ẹ kọ "mo ti de Saki" ká gbọ́ tán.

Ẹ fi owó sórí káàdì tí ẹ fi ń pè, yàtọ̀ sí dátà. *310# ló ń sọ èyí tó kù, nẹ́tíwọ̀kì yòówù kí ẹ máa lò, kò sì gba íntánẹ́ẹ̀tì. Kóòdù báńkì yín náà kò gbà á. Tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, 112 ni ní Nàìjíríà, òun náà la lè tẹ̀ níbí yàtọ̀ sí 999. Níbí, tí nẹ́tíwọ̀kì tiwa ò bá sí, ìpè pàjáwìrì lè gba orí ti ẹlòmíràn kọjá. A tún lè fi tẹ́ẹ̀sì pe 999, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, nípa fífi "register" ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà. Èmi ti ṣe é, ẹ fọkàn balẹ̀.

Rédíò FM wà nínú fóònù Tecno tí ẹ ń lò yẹn. Ẹ fi íyáfóònù oníwáyà sí i, wáyà yẹn ni eriali rẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ìròyìn lọ láìsí dátà. Orin ìgbéyàwó tí àwọn ọmọ bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ ara wọn, Xender, áàpù tó ń gbé nǹkan láti fóònù sí fóònù láìsí dátà, ni kí wọ́n fi gbà á. Tí ẹ bá dé ibi tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì rárá, ẹ tan flight mode, torí fóònù tó ń wá òpó kiri ló ń jẹ bátìrì jù. Ẹ máa pa flight mode náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ fi wò bóyá nẹ́tíwọ̀kì ti dé, kí a lè pè yín.

Àbúrò mi, kí ẹ tó gbéra, tan flight mode sórí fóònù Màmá nínú pálọ̀, kí o wá gbìyànjú gbogbo nǹkan: ṣé máàpù Òkè-Ògùn ṣí? Ṣé àwòrán káàdì ìpè ìgbéyàwó ṣí? Ṣé orin kọ? Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ ní pálọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà. Máàpù sì ń fẹ́ àyè o. Gbogbo fíìmù tí o kó sórí fóònù ìyá wa yẹn, pa wọ́n rẹ́ lónìí. Màmá ò wo ìkankan nínú wọn, mo ti bi wọ́n.

Ẹ bá mi kí Ìyá Ìbejì àti gbogbo ará ọjà. Owó aṣọ ẹbí ti wà ní àkáǹtì yín, tó bá kù, ẹ ní kí wọ́n hun gèlè tèmi mọ́ ọn.

Èmi ni ọmọ yín,
tó wà ní Skye.