Má jẹ̀ẹ́ kí n máa pè ọ́ ní Krupp

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ọmọ ti yá, iṣẹ́ ń lọ, mo sì ti ra awò ojú tuntun nítorí pé mo jókòó lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Rẹ́rìn-ín tán kó o tó máa kà á lọ, torí ọ̀rọ̀ tó kù kò ṣeé gbé sùn.

Ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni. Wọ́n bi wá pé ṣé ká fún àwọn tó yáwó ní oṣù mẹ́fà sí i kí wọ́n tó dá a padà. Èmi akọ̀wé ni mo ka ọwọ́: 31 gbà, 12 kò gbà. Àmọ́ bí mo ṣe ń kà á ni mò ń wo ojú tó ni ọwọ́. 22 nínú àwọn 31 yẹn, onígbèsè ni wọ́n! N ò tíì fi bírò sílẹ̀ tí bùrọ̀dá rẹ fi dìde. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ìpín kan, ìbò kan. Ẹni tó bá kówó sílẹ̀ jù ni kí ẹnu rẹ̀ wúwo jù. "Bí ẹgbẹ́ yìí bá wó, ta ló máa dùn jù?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Inú bí mi délé. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, n ò ní purọ́: kí inú tó bí mi, mo ti kọ́kọ́ ṣírò tèmi. Ìbò 14 ni màá ní. Ìyá tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń tú owó rẹ̀ jáde nínú aṣọ tó ta ní kókó, á ní ẹyọ kan. Àjọkẹ́, 14 yẹn dùn mọ́ mi díẹ̀.

Ìjà àtayébáyé sì ni. Ní 1647, ní Putney lẹ́bàá London, àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́gun ọba jókòó, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó dìbò. Rainsborough, ọ̀gágun kan nínú wọn, ní ẹni tó tálákà jù lọ náà láyé tirẹ̀ láti gbé, bí ọlọ́lá ṣe ní tirẹ̀. Ireton, ọ̀gágun mìíràn, ní rárá o, ẹni tí kò nílẹ̀ tí kò sì lówò kankan, bó bá ti pọ̀ jù nídìí ìbò, dúkìá onídùúkìá ni yóò fi ìbò pín. Bùrọ̀dá rẹ ni Ireton wa. Ohun tó sì ká mi lára ni pé ọwọ́ 22 tí mo fojú ara mi rí yẹn, ẹ̀rí ni fún un.

Àmọ́ wo ibi tí ọ̀nà Ireton já sí ní Prussia, nílẹ̀ Jámánì. Láti 1849 títí di 1918, owó orí ni wọ́n fi pín olùdìbò sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn olówó díẹ̀ tó san ìdá kan nínú mẹ́ta owó orí wà lápá kan, àwọn tó tẹ̀ lé wọn lápá kejì, mẹ̀kúnnù rẹpẹtẹ lápá kẹta, iye kan náà sì ni apá kọ̀ọ̀kan ń yàn. Nílùú Essen níbẹ̀, ó dé ìgbà kan tó jẹ́ pé Krupp oníléeṣẹ́ irin nìkan ló kù ní apá kìíní. Òun nìkan ló ń yan ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbìmọ̀ ìlú! Mo máa ń rò ó pé ta ló ń bá a ka ọwọ́.

Ni mo bá yẹ ìwé wò láti mọ ẹni tó máa jẹ́ Krupp tiwa. Ìwọ ni. Owó tó ò ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ti di ìbò 40, ìwọ tí o kò fojú kan ìpàdé láti ọdún 2017! Níbi tó o wà, ò ń san owó orí, wọn ò jẹ́ kó o tẹ̀ka nítorí o kì í ṣe ọmọ ìlú. Níbi tí o kò sí, wọ́n fẹ́ rọ ìbò kún àpò rẹ. Torí owó orí láìsí aṣojú kọ́ ni Amẹ́ríkà ṣe kọ̀yìn sí ọba England?

Lójú tèmi, owó ti ń sọ̀rọ̀ tó níbi gbogbo. Ó ń bá agbanisíṣẹ́ sọ ọ́, ó ń bá onílé sọ ọ́, ó ń bá olóṣèlú sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ibi ìbò nìkan ló kù tá a ti ń ka orí. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Rochdale, nílẹ̀ England, ní 1844 náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: iye yòówù kó o ní, ìbò kan. Ní tiwa, ẹni tó bá jẹ gbèsè, kó bọ́ síta nígbà tá a bá ń dìbò lórí gbèsè tirẹ̀, kó sì wọlé padà fún ìyókù. Ìyẹn náà ò tó?

Kí ló dé tí n kò sọ ọ́ nípàdé? Ọwọ́ tèmi wà nínú 22 yẹn. Mo ń fi ọ̀tún kọ iye, mo na òsì sókè. Owó ìwòsàn ọmọ ni mo yá, n ò tíì san ìdajì. Bí mo bá lanu, bùrọ̀dá rẹ á kàn wo òsì mi ni. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣèèyàn burúkú, àwọn náà ló rà wá ní ìwé kíkà nígbà yẹn, n ò gbàgbé.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ pé ìbò kan ṣoṣo lo fẹ́, kí n kà á sétí gbogbo wọn. Tí wọ́n bá ti pè ọ́ ṣáájú mi, tó o sì ti gbà fún wọn, sọ fún mi ná kí n má lọ dójú ti ara mi. Ìpàdé ku ọjọ́ 11. Fi ọwọ́ kọ ọ́ o, má tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mọ ìkọ̀wé rẹ; tó o bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní èmi ni mo kọ ọ́.

Èmi Àbẹ̀ní, ìbò kan